Ìkùukùu Kì í Ṣe Aṣọ Òkú

Àṣà kan ti gbòde láàrin àwọn ọ̀dọ́ onífọ́tò wa, kò sì sí ẹni tí ó ń bá wọn wí. Bí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán ibi tí a sin òkú sí, wọn a dúró di kùtùkùtù nígbà tí ìkùukùu bá bo ilẹ̀, tàbí kí wọ́n dúró di ìgbà ọyẹ́ nígbà tí eruku bá sọ ojú ọ̀run di eérú. Wọn a bọ́ gbogbo àwọ̀ kúrò lára àwòrán náà, yóò wá ku dúdú àti funfun. Igi kan tí kò léwé yóò dúró lápá òsì, àgbélébùú kan yóò dẹ̀gbẹ́ lápá ọ̀tún, ilẹ̀ yóò sì máa rú bí ẹni pé iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ẹni tí ó sùn síbẹ̀ kò ní hàn. Bí ìkùukùu tí Ọlọ́run dá kò bá tó wọn, kọ̀ǹpútà yóò bá wọn fi ayédèrú kún un. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé àwòrán náà kọ́ sí ibi ìpàtẹ, tàbí kí wọ́n tàn án ká orí fóònù. Àwọn tí ó bá rí i yóò máa mi orí, wọn yóò ní ó jinlẹ̀, ó ń mú ni ronú.

Èrò tèmi kò bá tiwọn mu. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò jinlẹ̀. Ó ṣókùnkùn ni. Òkùnkùn àti ìjìnlẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Odò tí ó mọ́ gaara lè jìn ju ohun tí ọ̀pá lè wọ̀n lọ, nígbà tí kòtò ẹlẹ́rẹ̀ tí kò mu ni dé kókósẹ̀ lè dúdú bí kóró iṣin. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni mo fi kan àṣà yìí. Èkíní, ó ń purọ́ nípa ọ̀nà tí àwa fi ń bá òkú wa gbé. Èkejì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ láti máa sá fún ẹni tí ó bí wọn. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: ó ń gba orúkọ lọ́wọ́ òkú, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ti ń pa orúkọ náà rẹ́.

Kí a tó bá ẹnikẹ́ni jà, ó yẹ kí a mọ ilé tí àṣà náà ti wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń sin òkú sí láti ayébáyé. Ní 1751 ni Thomas Gray tẹ ewì rẹ̀ jáde, èyí tí ó kọ nípa irú ọgbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ni a kọ́ ewì náà ṣáájú kí a tó mọ oríkì bàbá tiwa délẹ̀. Nígbà tí àwọn ìlú ńlá Yúróòpù kún àkúnya, tí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kò gba òkú mọ́, wọ́n lọ ṣí itẹ́-òkú ńláńlá sí ẹ̀yìn ìlú. Wọ́n ṣí Père-Lachaise ní Párísì ní 1804, wọ́n ṣí Highgate ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1839. Wọ́n gbin igi síbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ère áńgẹ́lì olókùúta sí i, ìtàkùn sì gun orí ohun gbogbo. Báyìí ni òkú ṣe jìnnà sí alààyè. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bàbá rẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ lọ, bí ẹni tí ó lọ ṣe fàájì ní ọgbà ìtura. Bí ó bá sì débẹ̀, ìkùukùu ni yóò bá, nítorí pé ìkùukùu ni ojú ọjọ́ wọn.

Nígbà tí iṣẹ́ fọ́tò dé, àwọn kan nínú àwọn oníṣẹ́ náà fẹ́ kí ayé kà wọ́n kún oníṣẹ́ ọnà bí àwọn tí ń fi ọ̀dà kun àwòrán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán tí ó rí fírífírí, tí etí rẹ̀ kò mú, kí ó lè jọ èyí tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Ní 1902 ni Alfred Stieglitz kó irú wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ní 1932, ní Kalifóníà, àwọn onífọ́tò mìíràn, Ansel Adams àti Edward Weston láàrin wọn, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti tako ọ̀nà fírífírí náà. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní f/64, èyí tí í ṣe orúkọ ihò tínńtín ojú kámẹ́rà tí ó máa ń jẹ́ kí ohun tí ó wà nítòsí àti èyí tí ó wà lókèèrè hàn kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, nínú ilé àwọn tí ó ni ín pàápàá, wọ́n ti bá ìkùukùu ṣe ẹjọ́. Àwa ni a wá gbé e wọlé bí ọjà tuntun.

Ẹni tí ó lo ọ̀nà yìí dé góńgó láyé òde òní ni Simon Marsden, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní 1948 tí ó sì kú ní 2012. Fíìmù infrared ni ó ń lò, irú èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ewé tútù a máa funfun bí ẹfun lójú fíìmù náà, ojú ọ̀run tí ó mọ́ a sì dúdú. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1986, The Haunted Realm, dá lórí àwọn ilé àtijọ́ àti ibojì tí àwọn ènìyàn ń sọ pé iwin ń gbé. Èmi kò bá Marsden jà. Ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń yà, ẹ̀rù ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń bà á, ìkùukùu ilẹ̀ rẹ̀ ni ó sì fi bò ó. Ọmọ tí ó ń ṣe ohun ilé bàbá rẹ̀ kò ṣẹ̀. Àwọn àgbà ni ó kúkú sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Kí ni ìkùukùu Marsden ń wá lórí òkú wa?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìkòyí. Bí a bá pe Ìkòyí pọ̀ mọ́ itẹ́-òkú, Èkó ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ, níbi tí Herbert Macaulay ti sùn láti 1946. Kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ń sọ. N kò sì sọ Ìkòyí àwọn Ẹ̀ṣọ́ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìkòyí ti Ìjùmú ni mo ní lọ́kàn, ní ilẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ní agbègbè Kàbà. Mo mú ibẹ̀ nítorí pé bí onífọ́tò kan bá ń wá ìkùukùu lójú méjèèjì, yóò rí i ní agbègbè olókè bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, àárọ̀ a máa bo orí òkè. Nígbà ọyẹ́, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé láti aṣálẹ̀ Sàhárà a máa fi ìbòjú sí ojú oòrùn. Ohun èlò kò wọ́n. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni mo ń bá jà.

Ìkùukùu òwúrọ̀ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti òkú. Ti àgbẹ̀ ni. Àárín rẹ̀ ni ẹni tí ń lọ sóko ti ń kọjá, tí a ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kí a tó rí ojú rẹ̀. Ó bo ebè iṣu bí ó ti bo ibojì. Ó bo pápá ilé-ẹ̀kọ́, ó bo ìsọ̀ tí a kò tíì pàtẹ, ó bo títì. Onífọ́tò wa yóò rìn kọjá gbogbo wọn, yóò lọ dúró síwájú sàréè, yóò sì wá sọ fún ayé pé ikú ni ìkùukùu túmọ̀ sí. Ta ni ó sọ fún un bẹ́ẹ̀?

Ọyẹ́ ńkọ́? Ní ilẹ̀ Òkun, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà ọyẹ́ ni ilé ń kún. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Kàdúná ń darí wálé ọdún. Ìgbà náà ni a ń ṣe ìgbéyàwó, tí a ń ṣí ilé tuntun, tí a sì ń ṣe òkú àgbà tí a ti ń kówó jọ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbà náà ni a ń ro ẹ̀gbẹ́ ibojì, tí a ń fi ẹfun tàbí ọ̀dà tuntun kùn ún. Kò sí àkókò tí ìdílé òkú ń pọ̀ yí i ká tó àkókò ọyẹ́. Bí a bá wá ya àwòrán ọyẹ́ tí ibojì dá dúró nínú rẹ̀ láìsí ènìyàn kan, èké ni àwòrán náà ń ṣe, bí gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Níhìn-ín ni a ti dé orí ẹ̀sùn kìíní. Ní ayé àtijọ́, inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbà sí: nínú yàrá rẹ̀, ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ní àgbàlá. Orí bàbá ni ọmọ ń tẹ̀ kọjá bí ó bá ń lọ wẹ̀. Ìjọba amúnisìn àti àwọn míṣọ́nnárì ni ó mú itẹ́-òkú gbogboogbò wá, síbẹ̀ kò gba gbogbo òkú lọ́wọ́ ilé. Títí di òní, ibojì pọ̀ níwájú ilé àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Sìmẹ́ǹtì ni a fi kọ́ àwọn kan, táìlì ni a fi ṣe àwọn mìíràn lọ́ṣọ̀ọ́, a sì fi fọ́tò olóògbé mọ́ ibi orí òmíràn. Àwọn ọmọdé a máa jókòó lé e jẹun. Ìyá arúgbó a máa sá láfún lé e. Bí a bá fọ aṣọ tí okùn kò gbà, a ó tẹ́ ìyókù sí orí bàbá àgbà, bàbá àgbà kò sì ní bínú.

Àwọn wo ni a ń gbé lọ jìnnà sí ilé nígbà náà? Àwọn tí ó kú ikú burúkú ni: ẹni tí àrá pa, ẹni tí ó pokùnso, àbíkú tí ó ti dá ìyá rẹ̀ lágara. Àwọn wọ̀nyí ni a ń gbé lọ sí igbó, sí ibi tí ó pa rọ́rọ́, tí ẹsẹ̀ kì í dé, tí igi àti ìtàkùn ń ṣe ọ̀gá. Ẹ wá tún wo àwòrán tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ibi tí ó pa rọ́rọ́ ni. Ẹsẹ̀ kò débẹ̀. Igi àti ìtàkùn ni ọ̀gá. Láìmọ̀, onífọ́tò ti sọ bàbá olóyè tí ọmọ méjìlá sin tayọ̀tayọ̀ di òkú ìgbẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹnu sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ olóògbé, ìjà yóò ṣẹlẹ̀. Kámẹ́rà sọ ọ́, a sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀sùn kejì ni ti ẹ̀rù. Fíìmù àgbéléwò ti kọ́ wa pé bí a bá dé itẹ́-òkú, èéfín gbọ́dọ̀ máa rú, kí ohun kan sì dìde láti inú ilẹ̀. Fọ́tò onìkùukùu ń bá fíìmù náà gbe orin. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn bàbá wa sọ nípa òkú tí ó padà wá? Wọ́n ní àkúdàáyà ni. Àkúdàáyà kì í jókòó sórí ibojì máa dẹ́rù ba ènìyàn. Ìlú tí a kò ti mọ̀ ọ́n ni ó máa ń lọ, a fẹ́ ìyàwó, a bímọ, a ṣòwò. Àárín ọjà ni ará ilé rẹ̀ ti máa ń dédé rí i, ní ọ̀sán gangan, tí ó ń ná ọjà lọ́wọ́. Eégún ńkọ́, tí í ṣe ará ọ̀run? Ojú ọjọ́ ni ó ń jáde sí, nínú aṣọ aláràbarà, pẹ̀lú ìlù àti ariwo, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé Orò ń kọ́? Òótọ́ ni pé a ní ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò gbọdọ̀ rí, a kì í rí i rárá. A ó ti ìlẹ̀kùn, a ó wọlé. A kì í fi ìkùukùu bò ó ní àbọ̀ kí a lè máa yọjú wò ó fún ìgbádùn. Ẹni tí ó ya fọ́tò onìkùukùu kò bọ̀wọ̀ fún àṣírí, kò sì fi nǹkan hàn. Àárín méjì ni ó dúró sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọ̀. Àwọn ará Bùnú, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ Òkun bí Ìjùmú, Owé, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ní aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò. Pupa ni. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn olóyè, a sì tún ń rí i lára aṣọ eégún. Elisha Renne, tí ó ṣe ìwádìí láàrin wọn, tẹ ìwé kan jáde nípa aṣọ Bùnú ní 1995, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí aṣọ tí kì í kú. Láti rí òwú pupa tí wọn yóò fi hun aṣọ ìpò, àwọn ahunṣọ a máa tú búláńkẹ́ẹ̀tì pupa, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọsibítù. Ẹ rò ó wò. Ẹnìkan jókòó, ó tú búláńkẹ́ẹ̀tì fọ́nrán fọ́nrán, kí òkú ọlọ́lá má baà lọ láìní pupa lára. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá fi ìka kan ṣoṣo tẹ fóònù, ó bọ́ gbogbo àwọ̀ dànù, ó ní eérú ni àwọ̀ ikú. Ní ilẹ̀ Òkun, ta ni ó ni aṣọ òkú: Bùnú tí ó hun ún ni, tàbí fóònù?

Mo mọ̀ pé àwọn tí mo ń bá wí kò ní dákẹ́. Wọn yóò ní dúdú àti funfun kì í ṣe àjèjì, pé òun ni àwọn bàbá onífọ́tò wa lò. Òótọ́ ni. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó ra kámẹ́rà Brownie rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1950, fi dúdú àti funfun ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ yìí láti 1968 títí ó fi pọ̀ lọ súà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fi ṣe. Gbogbo ìlà orí, gbogbo òwú tí a fi dì í, gbogbo bí ìka onídìrí ṣe fa irun ni ó hàn. Ó yọ àwọ̀ kúrò kí ọnà lè fara hàn. Àwọn tiwa ń yọ àwọ̀ kúrò kí ohunkóhun má baà hàn. Rotimi Fani-Kayode náà, ọmọ Yorùbá tí ó ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi kú ní 1989, lo òkùnkùn púpọ̀. Síbẹ̀, inú òkùnkùn náà ni ara ènìyàn ti ń yọ jáde, tí awọ rẹ̀ ń dán. Nítorí náà, kì í ṣe dúdú àti funfun ni mo ń bá jà. Ìfipamọ́ ni.

Àwọn àgbà wa sì ti dá ẹjọ́ yìí kí kámẹ́rà tó dé. Nígbà tí Robert Farris Thompson béèrè lọ́wọ́ àwọn Yorùbá ohun tí ó ń mú kí ère dára, ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn, tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1973, ni jíjọra, ìfarahàn àti dídán. Nígbà tí Stephen Sprague wá ṣe ìwádìí iṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, ó rí i pé àwọn onífọ́tò ibẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Àgbà yóò jókòó, yóò kọjú sí kámẹ́rà, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, agbádá rẹ̀ yóò tẹ́ rẹrẹ, ojú rẹ̀ méjèèjì yóò sì hàn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni a ń fi ṣe ìsìnkú, òun ni a ń gbé kọ́ sí pálọ̀. Kódà bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò a máa ya èyí tí ó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, a so àwòrán méjèèjì pọ̀, ìbejì yóò sì tún pé. Ẹ ò rí i pé nígbà tí a fi kámẹ́rà kan ikú, ohun tí a lò ó fún ni láti mú òkú padà wá sí ojú ìmọ́lẹ̀.

Wọn yóò tún ní ikú jẹ́ ìbànújẹ́, pé ṣé kí àwọn fi ẹ̀rín yà á ni. Rárá o. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ tiwa ní ìpele. Òkú ọ̀fọ̀ wà, òkú àgbà wà. Bí ọmọdé bá kú, òbí kì í mọ ibi tí a sin ín sí, a kì í se oúnjẹ, ohùn a máa lọ sílẹ̀. Bí àgbà bá kú, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ: a pa màlúù, a pe onílù. Ìkùukùu kò mọ ìyàtọ̀. Ọ̀nà kan náà ni ó fi ń bo ọmọ ọdún méjì àti arúgbó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí ó bá ń ṣọ̀fọ̀ gbogbo òkú bákan náà kò ṣọ̀fọ̀ ẹnì kankan. Ara rẹ̀ ni ó ń tù.

Èyí ni ó gbé mi dé ẹ̀sùn kẹta, tí mo kà sí wúwo jù. Orúkọ àwọn òkú wa ń parẹ́. Ní Èkó, ibi ìsìnkú Àjẹlẹ̀ ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí, ẹni tí ó kú ní ọjọ́ tí ó parí 1891. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n wó ibi ìsìnkú náà. Wọ́n gbé egungun Crowther lọ sí Kàtídírà Kírísítì ní Máríínà, nítorí pé Crowther ni. Ẹni tí kì í ṣe Crowther ńkọ́? Níbi tí òkúta orí ibojì bá ti fọ́, fọ́tò tí ó ka orúkọ rẹ̀ kedere nìkan ni ó lè dúró fún òkúta náà. Fọ́tò onìkùukùu kò lè jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a súnmọ́ ilẹ̀ Òkun sí i. Ní Lọ́kọ́jà, tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, itẹ́-òkú àwọn Òyìnbó wà níbẹ̀ láti ayé ìjọba amúnisìn. Ìlú náà ni Aliyu ti Kánò kú sí ní 1926, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú rẹ̀ ní 1903 tí wọ́n sì lé e kúrò lórí oyè. Ìkùukùu odò ń gòkè lárọ̀ níbẹ̀, bí onífọ́tò ṣe ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀ fún ìkùukùu nìkan, tí kò béèrè ẹni tí ó sùn síbẹ̀ àti ohun tí ó gbé e débẹ̀, ó ti bá odindi ìtàn pàdé, kò sì kí i.

Àìdárúkọ òkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọnà lásán; ìwà ìrẹ́jẹ ni wọ́n ti fi hù sí wa rí. Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ibojì àwọn tí ó bá ogun lọ ní ilẹ̀ Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1917, ìlànà rẹ̀ sì ni pé kí orúkọ olúkúlùkù hàn lórí òkúta. Ní 2021 ni ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde, tí ó sì jẹ́wọ́ pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kéré tán 116,000 òkú ni a kò dárúkọ tàbí tí a kò rántí rárá, pé ó sì lè tó 350,000. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ni ó pọ̀ jù nínú wọn, sójà àti aláàárù. Àwọn ènìyàn yìí ni ìkùukùu bò ní tòótọ́, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì fi bò wọ́n. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àwa fúnra wa wá máa bo ìyókù, kí a sì máa pè é ní ẹwà?

N kò fi òfin de ẹnikẹ́ni. Onífọ́tò lómìnira, bí akéwì ti lómìnira. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ya alààyè ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ya òkú san nǹkan fún un, nítorí pé òkú kò lè kọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó san náà kò wọ́n. Kí ó lọ bá ìdílé. Kí ó fi omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu ojú òkúta tàbí sìmẹ́ǹtì náà, kí ó má fi ásíìdì tàbí irin ha á. Kí ó dúró di ìgbà tí oòrùn bá wá láti ẹ̀gbẹ́, ní òwúrọ̀ tí ìkùukùu ti ká tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé oòrùn ẹ̀gbẹ́ ni ó ń ju òjìji sínú lẹ́tà tí ó ti fẹ́ parẹ́, tí a ó fi lè kà á. Kí ó yà á gbangba, pẹ̀lú àwọ̀ tàbí láìsí àwọ̀, bí ó bá ṣe wù ú. Kí ó kọ orúkọ, ìdílé, ìlú àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀. Kí ó fún ìdílé ní ẹ̀dà kan, kí ó sì fi òmíràn sí ilé-ìkàwé. Lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe gbogbo èyí, bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì ń fà sí ìkùukùu, kí ó yà á. Ó ti san gbèsè.

Ní Ìkòyí Ìjùmú àti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlú bíi tirẹ̀, ilé ìdílé ń wó, àwọn ọmọ ń lọ, ọ̀dà orí sìmẹ́ǹtì ń ṣí. Òjò àti ọyẹ́ ń pa lẹ́tà rẹ́ ní ọdọọdún láìdúró de ìrànlọ́wọ́ wa. Ìkùukùu kò nílò oníṣẹ́ ọnà kankan. Ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa. Orúkọ ni ó nílò ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí kámẹ́rà wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ tó béèrè ìgbà tí ìkùukùu yóò sọ̀, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó sùn síbẹ̀.